Àjọ Tí Oníṣẹ́-ọnà Kò Bá Wọn Dá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ìyá kan bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé: "Ọmọ mi ní iṣẹ́ àwòrán ni òun yóò máa ṣe jẹun. Bí iṣẹ́ bá dá, ṣé ìjọba yóò fún un ní owó àìríṣẹ́ṣe bí wọ́n ti ń fún àwọn ẹlòmíràn?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn onílù méjì tí mo mọ̀ ní Stockbridge níbí, ní ìhà gúúsù Atlanta.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń lu dùndún níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà. Kò sí Sátidé tí wọn kì í ròde. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni àrùn Kòrónà dé, òde sì dá páropáro. Ìlù wà lórí ìṣó, ṣùgbọ́n owó ilé kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí ètò owó àìríṣẹ́ṣe ti rí. Àjọ ni. Láti ìgbà tí òfin Social Security ti ọdún 1935 ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ ni wọ́n ń san owó sínú àpò náà nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní Georgia, a kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ fún un. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ti ara rẹ̀ kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò bá a dá a. Nítorí náà, nígbà tí àkókò kíkó bá tó, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2020, òfin CARES Act yí ọ̀rọ̀ padà fún ìgbà díẹ̀. Ó dá ètò Pandemic Unemployment Assistance sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ti ara wọn, ìjọba àpapọ̀ sì ń fi 600 dọ́là lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di ìparí oṣù keje ọdún náà. Ní Georgia, oníbéèrè ní láti kọ́kọ́ béèrè fún owó àìríṣẹ́ṣe ti gbogbogbòò lọ́dọ̀ Georgia Department of Labor. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé kò tọ́ sí i, ìgbà náà ni ọ̀nà kejì tó ṣí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rí èsì àkọ́kọ́ yìí, yóò sì káwọ́ lérí.

Onílù kìíní kì í fi owó rẹ̀ ṣeré. Owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, bí ó bá délé, yóò kà á, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì gbé e lọ sí báǹkì. Ó ń kọ èrè rẹ̀ sínú Schedule C lọ́dọọdún. Èrè ọdún 2019 tí ó wà nínú ìwé yẹn ni wọ́n fi ṣírò owó tirẹ̀.

Onílù kejì gbajúmọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú àpò agbádá ni owó tirẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó ń gbà jáde. Iye tí ó kéré jù lọ nínú ètò náà ni ó rí gbà. Ní òpin oṣù kejìlá ọdún 2020, òfin mìíràn jáde pé kí àwọn tí ń gba owó náà mú ẹ̀rí wá pé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá mú un wá lè dá owó padà. Mo bá a jókòó nídìí tábìlì ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń wá ìwé. Ó pe àwọn tí ó ti lùlù fún. Gbogbo wọn ni wọ́n rántí oríkì tí ó fi ìlù kì wọ́n. Kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tàbí iye. Ó wò mí, ó ní: "Ogún ọdún ni mo ti ń lùlù ní ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lójú ìwé, n kò lùlù rí." Ìwé ìpè ìgbéyàwó méjì tí orúkọ rẹ̀ wà lára wọn àti lẹ́tà ẹnìkan tí ó ṣe òkú ìyá rẹ̀ ni ó kó o yọ.

Ètò náà parí ní Georgia ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2021. Kí ni ó wá kù fún oníṣẹ́-ọnà? Bí ó bá ní iṣẹ́ mìíràn tí a ń fún un ní ìwé W-2 lórí rẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn lè mú un yẹ; kí ó béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un tí kò sì gbà pé ó tọ́, ọjọ́ 15 péré ni ó ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí Ààrẹ bá sì kéde àjálù ńlá ní àgbègbè rẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní apá kan Georgia lẹ́yìn ìjì Helene ní ọdún 2024, ètò Disaster Unemployment Assistance wà fún àwọn oníṣẹ́ ara wọn pẹ̀lú. Ẹ̀rí iṣẹ́ náà ni wọn yóò tún béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti àìríṣẹ́ṣe lọ. Ẹni tí èrè iṣẹ́ ara rẹ̀ bá pé 400 dọ́là lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó Social Security àti Medicare lórí rẹ̀. Mẹ́rin péré ni àmì tí ènìyàn lè rí lọ́dún, 40 ni ó sì gbọ́dọ̀ pé kí ó tó gba owó ìfẹ̀yìntì lórí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èrè rẹ̀ pamọ́ fún ìjọba, ọjọ́ ogbó ara rẹ̀ ni ó ń jí.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má ṣe lé ọmọ yín kúrò nídìí àwòrán. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún un pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kí ó máa kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un, iye tí ó gbà àti iye tí ó ná. Kí ó tún máa fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó kọ̀ọ̀kan, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ tí yóò dá àjọ fún ara rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa o. Ó dìgbà kan ná.