Ìgè tó yè nìkan là ń sọ lórúkọ

Orúkọ àmútọ̀runwá ni Ìgè. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ jáde láti inú ìyá rẹ̀, tí orí gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tí í ronú orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́. Ìgè ni, gẹ́gẹ́ bí Òjó ti jẹ́ ọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, tí Àìná sì jẹ́ obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọmọ tó fi ẹsẹ̀ síwájú kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì ní oríkì tí wọ́n fi ń kì í.

Nítorí orúkọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbà fi máa ń béèrè pé kí ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo lé lórí. Wọ́n á ní, "Ṣebí Ìgè pọ̀ nílùú yìí, èwo nínú wọn ni wọ́n fi abẹ gbé jáde?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́. Ìgè tó yè nìkan là ń sọ lórúkọ. Èyí tí orí rẹ̀ há, tí kò ké rárá, kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹnikẹ́ni kì í kì í, ẹnikẹ́ni kì í sì í kà á mọ́ àwọn Ìgè ìlú. Bí ìyá rẹ̀ bá bá a lọ, a ó ní ọwọ́ ayé ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí odò ṣe jìn tó, kò yẹ kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó là á kọjá nìkan.

Okun o, ẹ̀yin àgbà ilẹ̀ Yàgbà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Makutu ní Ìsánlú. Ẹ̀yin ni mo dìídì kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, nítorí ọwọ́ yín ni ìpinnu máa ń wà. Aboyún lè mọ ohun tó yẹ, ọkọ rẹ̀ náà sì lè gbà. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ bá ti ní, "Wọn kì í fi abẹ gbẹ̀bí ní ìdílé tiwa," ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 28, nínú ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan ṣì lè gbé orí sókè, kó fi ìdí sísàlẹ̀. Kò léwu nígbà náà, àyè ṣì wà fún un láti yí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì yí fúnra wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìbímọ bá fi máa pé, bíi 3 tàbí 4 nínú 100 ló kù tí kò yí. Nítorí náà, kí aboyún oṣù keje má fòyà bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ jókòó. Bí oyún bá ti wọ oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 36, tí ọmọ kò tíì dorí kodò, ìgbà yẹn ni kò gbọdọ̀ sí ìfàsẹ́yìn mọ́.

Kì í ṣe àjẹ́ ló dá ọmọ náà jókòó, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbejì ló wà nínú, tàbí pé ìju wà nínú ilé ọmọ. Ó lè jẹ́ pé omi inú ilé ọmọ pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, tàbí kí ibi ọmọ wà nísàlẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn dókítà kì í rí ìdí kankan rárá.

Kí wá ni ewu rẹ̀? Orí ni ó le jù tó sì tóbi jù lára ọmọ tuntun. Bí orí bá síwájú, ọ̀nà tó là ti tó fún ara yòókù. Bí ìdí tàbí ẹsẹ̀ bá síwájú, ara lè yọ tán kí orí há lẹ́yìn. Ìwọ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti atẹ́gùn wá fún ọmọ yóò wà láàárín orí rẹ̀ àti egungun ìyá, yóò sì fún pọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún ọmọ náà. Ìgbà mìíràn sì wà, pàápàá bí ẹsẹ̀ ló bá síwájú, tí ìwọ́ yóò yọ jáde ṣáájú ọmọ ní kété tí omi bá já. Nígbà yẹn, ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn tó ti múra sílẹ̀ nìkan ló ṣeé ṣe kó rí ọmọ rẹ̀ gbé.

Kì í ṣe tálákà nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1859, ní ààfin ọba ní Berlin, ọmọbìnrin Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí àkọ́bí rẹ̀. Ìdí ni ọmọ náà fi síwájú. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe dókítà tó mọ iṣẹ́ náà kò tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ rọ títí ó fi kú. Òun ni Wilhelm Kejì, olú-ọba Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ààfin ni wọ́n wà, owó wà, dókítà wà, síbẹ̀ ìpẹ́ ló fa àbùkù. Mélòó mélòó wá ni ẹni tí ìrọbí mú lóru ní abúlé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe wà?

Ọ̀nà tí a lè gbà ràn án lọ́wọ́ wà, bí a bá tètè mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ọwọ́ yí ọmọ náà láti òde ikùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 36 sí 37 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Nínú obìnrin méjì tí wọ́n bá ṣe é fún, bíi ọ̀kan ni ọmọ rẹ̀ máa ń gbà láti dorí kodò. Wọn a máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Kì í ṣe gbogbo aboyún ló sì yẹ fún un.

Ẹ má ṣe fi èyí wé fífi òróró wọ́ ikùn ní ilé ìyá àbíyè. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe é kò ní èrò ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tẹ ikùn láìmọ ibi tí ibi ọmọ wà lè já a kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ya. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà rí, ojú àpá rẹ̀ lè ya. Ní ti kíkúnlẹ̀ kí a gbé ìdí sókè kí ọmọ lè yí, ìwádìí kò tíì fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́.

Bí ọmọ kò bá yí, ó ku iṣẹ́ abẹ tí a ti dá ọjọ́ rẹ̀, tàbí kí obìnrin náà bí i lójú ara lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa. Ní ọdún 2000, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Obìnrin 2,088 ní orílẹ̀-èdè 26 ló kópa nínú rẹ̀. Láàárín àwọn tí wọ́n ṣètò iṣẹ́ abẹ fún, ọmọ tó kú tàbí tó fara pa gidi kò tó 2 nínú 100. Láàárín àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n bí i lójú ara, wọ́n jẹ́ 5 nínú 100. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n tún yẹ díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà wò lẹ́yìn ọdún méjì, wọn kò rí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan kò fi gbà pé gbogbo wọn ni abẹ gbọ́dọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: ilé ìwòsàn, lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́, ni wọ́n ti ṣètò ìbímọ ìhà méjèèjì. Kò sí èyí tí wọ́n ní kó lọ bí i sílé.

Iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, egbò lè díbàjẹ́, oyún tó bá sì tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n máa bí sílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún, tí ara ìyá le, tí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n ń ṣe ní òru fún ẹni tó ti rọbí ọjọ́ méjì. Nítorí pé ìgbà tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ tán la sábà máa ń gbé obìnrin lọ, òkú la máa ń gbé padà, a ó sì ní abẹ ló pa á.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àdúrà pẹ̀lú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n máa ń gbàdúrà fún aboyún pé kó bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù. Àmín ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé Ẹ́kísódù? Àwọn agbẹ̀bí méjì ni, Ṣífúrà àti Púà, wọ́n sì sọ ọ́ fún Fáráò kí wọ́n lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Ó já sí pé àwọn obìnrin Hébérù náà ní agbẹ̀bí. Obìnrin Hébérù sì ni Rákélì aya Jékọ́bù, ẹni tí ìrọbí mú lójú ọ̀nà Éfúrátà, tó sì kú síbẹ̀. Obìnrin tó gba abẹ bímọ kò kéré sí obìnrin, kò sì ní ìgbàgbọ́ tó kéré.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ló sì kan àwa ará Makutu jù. Ìsánlú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, ilé ìwòsàn ìjọba wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ECWA wà ní Egbe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, ó di Ìlọrin, tàbí kó gba Mopa, kó gba Kàbbà, kó tó dé Lọ́kọ́ja. Ọ̀sán ni ìrìn-àjò yẹn dára fún. Lẹ́yìn ohun tí Ìsánlú fojú rí ní oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí àwọn adigunjalè kọlu bánkì àti àgọ́ ọlọ́pàá, táwọn ọlọ́pàá sì kú, awakọ̀ wo ni yóò fẹ́ jáde lóru? Ìrọbí kì í sì í wo aago. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ọmọ tó jókòó jẹ́ ogun tí a lè gbọ́ tẹ́lẹ̀ ní oṣù kan gbáko ṣáájú, bí a bá jẹ́ kí wọ́n yẹ aboyún wò.

Ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aboyún kankan nínú ilé yín wọ oṣù kẹsàn-án láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ti fi ọwọ́ yẹ ikùn rẹ̀ wò. Ẹ má sì sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù tó kọjá. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí wọ́n bá ní ọmọ jókòó, ẹ pe ìdílé jọ lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn wo ni yóò bí sí? Ǹjẹ́ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru? Ta ni yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀? Mọ́tò ta ni yóò gbé e? Àbí kó kúkú lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí tó sún mọ́ ilé ìwòsàn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé? Bí omi bá já lójijì, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, gẹ́gẹ́ bí mínísítà ètò ìlera, kéde pé aboyún tí kò rí jájẹ tí iṣẹ́ abẹ di dandan fún kò ní sanwó rẹ̀. Ìkéde dára, ṣùgbọ́n ìkéde Àbújá kì í gbẹ̀bí. Kí ìjọba Kogi sọ fún wa ní gbangba ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà ní ilẹ̀ Okun, àti bí obìnrin Makutu ṣe lè forúkọ sílẹ̀ kó tó rọbí. Kí wọ́n wo Oǹdó tí a jọ pààlà. Láti ọdún 2009 ni Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò ti bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2014, wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un, wọ́n ń fún àwọn ìyá àbíyè lẹ́bùn lórí aboyún tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ mìíràn. Wọn kò bú àwọn ìyá náà, wọ́n sọ wọ́n di alábàáṣiṣẹ́. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú wa dùn sí orúkọ Ìgè, a kò sì fẹ́ kó parẹ́. Bí ọmọ yín bá jókòó títí ọjọ́ fi pé, tó sì gba ojú abẹ jáde láyọ̀, tí ẹ ṣì fẹ́ pè é ní Ìgè, kò sẹ́ni tí yóò bá yín jà. Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí ìyá rẹ̀ jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, kó gbé e lẹ́sẹ̀, kó sì gbọ́ orúkọ tí ẹ sọ ọ́.