Owó Nìkan Kọ́ Ni Iná Monday Market Jó

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà ṣì ń retí èsì ìbò ààrẹ tí wọ́n dì ní ọjọ́ tó ṣáájú, iná jó Monday Market ní Maiduguri, ọjà tó tóbi jù lọ ní ìlú náà. Gómìnà ìpínlẹ̀ Borno, Babagana Zulum, kéde bílíọ̀nù kan náírà fún àwọn tó pàdánù ọjà wọn. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n n kò ní fi epo bọyọ̀: ìrànwọ́ tó ka ìsọ̀ tó jó, tí kò béèrè bí ẹni tó ni ìsọ̀ ṣe ń sùn lóru, ààbọ̀ ìrànwọ́ ni. Ààbọ̀ tó kù, gbèsè ni lọ́rùn ìjọba, inú ọjà gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti san án.

Ẹ wo ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà yìí ti rí. Oṣù Keje ọdún 2014, bọ́ǹbù bú gbàmù nítòsí ọjà náà. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, obìnrin méjì tó de bọ́ǹbù mọ́ra wọ àárín èrò. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2015, ọmọbìnrin kékeré kan, tí àwọn tó rí i ní kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ni wọ́n di bọ́ǹbù mọ́ lára wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná yìí. Lẹ́yìn iná, ìdídò Alau ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, omi gba ìlú. Ẹni tó ti wà nídìí àtẹ láti ọdún 2014, tó bá ń wo abẹ́ hìjáàbù oníbàárà kó tó wo ojú rẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Àyà rẹ̀ ń já tí ìlẹ̀kùn bá gbá. Ó ka owó, ó tún un kà, kò mọ iye tó kà. Ó ń na ọmọ láìnídìí. Wọ́n ní ó ti di onínúfùfù.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú èèyàn márùn-ún tó ń gbé níbi tí ogun ti jà, ó ju ẹnì kan lọ tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra. Ẹ fi ìyẹn wọn ọjà tó kún fọ́fọ́.

Ẹnì kan á ní ṣebí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Maiduguri. Ó wà, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ọlọ́jà tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé mọ̀ pé orúkọ tí wọn yóò sọ òun ní ìrọ̀lẹ́ ni wèrè, àti pé ọjọ́ kan tí òun kò pàtẹ, ebi ọjọ́ kan ni nílé. Nítorí náà kò ní lọ, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ.

Ẹlòmíràn á ní kó ṣe sùúrù, kó máa gbàdúrà. N kò bá àdúrà jà. Lẹ́mọ́mù àti pásítọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ fún aláìrorunsùn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, ẹrù ló dì kún ẹrù fún un.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Zimbabwe, ọ̀kan nínú àwọn tí Dókítà Dixon Chibanda ń tọ́jú gbẹ̀mí ara rẹ̀: kò rówó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní ọdún 2006 ni dókítà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ládùúgbò, ó ní kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kékeré, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu èèyàn. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú èèyàn 573 ní Harare, àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú 100 àwọn tó jókòó ti àwọn ìyá náà, bíi 14 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì dè; nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, 50 ni. Kí ló dé tí a ń wo ọ̀nà jíjìn? Ní Aró, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sáàárín ará abúlé àti ẹbí wọn, kò tì wọ́n mọ́lé.

Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó lé òfin wèrè ayé òyìnbó dànù. Kò pé oṣù méjì tí ọjà fi jó. Òfin ti wà ní Nàìjíríà, Borno rí owó ìrànwọ́ kéde, ó sì ní ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ lójú kan náà. Kí wọ́n yan àwọn àgbà ọjà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gbọ́ Kànúrí, Haúsá, Ṣúwà àti Yorùbá. Kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n máa san owó oṣù fún wọn, kí dókítà máa bẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì fúnra wọn sin ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ bá lágbára dé ilé ìwòsàn. Ẹ má gbé ìjókòó wọn sí tòsí ọlọ́pàá: òfin ìjìyà Òkè Ọya ti ọdún 1960 fi ẹ̀wọ̀n sórí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ èyí kò ní la ẹnu.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Maiduguri kò gbọ́dọ̀ dúró de gómìnà. Ẹgbẹ́ tó lè dáwó sin òkú lè dáwó rán àgbà méjì lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó sì kéde ọjọ́ àti ibi tí wọn yóò máa jókòó. Kí wọ́n gbé e ka iwájú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.