Igi Obì Kì Í Ṣe Igi Ìdáná

A ti mọ ayẹyẹ ìkówójọ ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa: àwọn ọlọ́lá á gba ìjókòó iwájú, wọ́n á kéde ìlérí, àwa á pàtẹ́wọ́. Ìlérí mélòó ló ń di owó?

Owó ìfipamọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí òyìnbó ń pè ní endowment, dà bí igi obì. Èso rẹ̀ là ń ká, a kì í gé igi náà dáná. A ó fi owó náà dókòwò, èrè rẹ̀ nìkan la ó máa ná. Ní 1638, John Harvard fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ àti nǹkan bí 400 ìwé sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn ń fi kún un. Nígbà tó di 2024, owó ìfipamọ́ Harvard ti lé ní bílíọ̀nù 53 dọ́là.

Láti 1956 ni ilé-ẹ̀kọ́ tó di Kaduna Polytechnic ti wà. TETFund ń kọ́lé fún irú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bẹ́ẹ̀. NELFUND sì ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti 2024. Ṣùgbọ́n gbèsè ni ẹ̀yáwó. Ta ni yóò ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ láì sọ ọ́ di onígbèsè?

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: kí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan máa dá ìwọ̀nba owó lọ́dọọdún, kí a máa lẹ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san mọ́ ògiri, kí òfin sì de ọ̀gá tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú owó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.