Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ọgbà?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ "igi lẹ́yìn ọgbà" o! Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó àwọn ẹni ńlá wa, ì báà jẹ́ ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀, tí ẹnì kan ò ní gba máìkì kó ní obìnrin yẹn ni igi lẹ́yìn ọgbà ọkọ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ á sọ. Àwa akéwì inú ìwé yìí náà ń kọ ọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, torí òun ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Adélànà lorúkọ ilé bàbá rẹ̀, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó fẹ́ Awó ní oṣù Kejìlá 1937. Nígbà tí Awó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ọjà tí Màmá ń tà ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ní 1957, òun lọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń kó sìgá iléeṣẹ́ NTC pín fún àwọn ọlọ́jà. Ní 1963, ọkọ ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́, jàǹbá ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ jù ọkọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Obìnrin yìí ò wọlé kó tilẹ̀kùn. Ní 1964, òun ló dúró fún Awó nínú ìpolongo UPGA. Nígbà tí Awó kú ní 1987, òun ló di alága iléeṣẹ́ tó ń tẹ Tribune ní Òkè-Àdó níbí.

Ṣé ẹ̀yìn ọgbà nìyẹn? Ọgbà gan-an nìyẹn jàre.

Wọ́n á ní Awó fúnra rẹ̀ fi í wé ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye. Ó dáa. Mi ò bá ọkọ tó ń yin ìyàwó rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ kì í ta sìgá. Kì í wá ìbò kiri. Kì í sunkún ọmọ.

Tó bá jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà lẹ ń wá lóòótọ́, ẹ sọdá láti Àgbowó, ẹ wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ béèrè Kuti Hall. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní Fẹlá ni wọ́n fi sọrí họ́ọ̀lù yẹn! Rárá o, bàbá Fẹlá ni, Àlùfáà Israel Ransome-Kútì, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ Elliot tó dábàá pé kí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Òun àti Fúnmiláyọ̀ ṣègbéyàwó ní 1925. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé ń tì í lẹ́yìn. Ọkùnrin ni igi lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gba máìkì kó sọ ọ́.

Fẹlá ọmọ wọn fẹ́ ìyàwó 27 lọ́jọ́ kan ní 1978. Gbogbo wa la mọ iye yẹn. Ó yá, ẹ dárúkọ mẹ́ta nínú wọn. Adégòkè Adélabú tiwa ńkọ́, tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní 1958? Ìbàdàn ò gbàgbé Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn opó rẹ̀, ta ló mọ̀ wọ́n?

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní 1968, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, Coretta ìyàwó rẹ̀ ló ṣíwájú ìwọ́de ní Memphis, wọn ò tíì sin ọkọ rẹ̀ o. Síbẹ̀, "opó King" ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ yìí ò dúró sínú ìtàn. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ dupò ààrẹ nínú ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní kó lọ dupò igbákejì. Tó bá bi wọ́n pé kí ló dé, igi lẹ́yìn ọgbà náà ni wọ́n á tún fà yọ. Àkànlò èdè lásán ni, kì í ṣe òfin! Kò sì sí ibi tí èdè Yorùbá ti sọ pé obìnrin nìkan ló ń jẹ́ igi yẹn.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín. Bí ewì kan bá tún wọlé tó ń ki ìyàwó ẹni ńlá, ẹ bi akéwì náà léèrè: kí lorúkọ ilé bàbá obìnrin yẹn? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló ń bá a gbọ́mọ nígbà tó ń ṣe é? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dá ewì rẹ̀ padà fún un.