Ìsinmi Lórí Ilẹ̀ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Iyanrìn

Ìsinmi dára fún ara, pàápàá fún ẹni tí ó ti ń ṣe làálàá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń sinmi mọ irú ilẹ̀ tí òun ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí nípa Lacanau-Océan, ìlú etí òkun kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, tí kò jìnnà sí ìlú ńlá Bordeaux.

Ní 1906 ni a tẹ ìlú náà dó fún ìsinmi. Àwọn tí ń lọ síbẹ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, wọn a sì máa gbá gọ́ọ̀fù. Èyí ni pé wọn a máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ihò dé ihò, títí ihò 18 yóò fi pé. Àárín igi páìnì ni pápá náà wà. Bí bọ́ọ̀lù bá yà kúrò lọ́nà, inú igbó ni a ó ti wá a. Ní ọjọ́ tí apá bá rọ̀ wọ́n, wọn a wọ mọ́tò lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, sí àwọn ọgbà àjàrà Médoc. Òkìkí wáìnì ibẹ̀ kàn dé ibi gbogbo. Láti 1855 ni a ti to àwọn oko tí ó lókìkí jù sí ipò márùn-ún, ìyípadà díẹ̀ ni ó sì tíì bá ètò náà.

Ẹni tí ó bá rí igbó páìnì yìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbin apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, afẹ́fẹ́ òkun a máa gbá iyanrìn wọ inú ilẹ̀, a sì máa bo ilé àti oko. Ní Soulac, iyanrìn bo ilé ìsìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi í sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní 1859 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí hú u jáde.

Ní 1787, ẹnjiníà ìjọba kan, Brémontier, bẹ̀rẹ̀ sí gbin páìnì ní La Teste kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di iyanrìn mú. Lẹ́yìn òkìtì iyanrìn wọ̀nyí, irà ni ilẹ̀ náà, àwọn darandaran ibẹ̀ a sì máa gun agéré kí wọn lè máa ṣọ́ àgùntàn wọn láti òkè. Ní 1857, òfin Napoleon Kẹta pa á láṣẹ fún àwọn ìlú láti fa omi ilẹ̀ náà gbẹ, kí wọn sì gbin igi sí i. Lónìí, igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà.

Oje igi àti pákó mú owó wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí gbogbo ìlú jùmọ̀ ń fi ẹran jẹ̀ di ti ẹni tí ó lówó láti rà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ darandaran di ẹni tí ń kọ igi olówó fún oje. Ohun tí ó di èrè fún ẹnìkan ni ó di àdánù fún ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Ní oṣù July 2022, iná jó ohun tí ó lé ní 20,000 hẹ́kítà nínú igbó yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sá kúrò nílé. Ní Soulac kan náà, ilé ńlá kan wà tí a kọ́ ní 1967 ní nǹkan bí mítà 200 sí òkun. Òkun jẹ ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. A kó àwọn olùgbé rẹ̀ jáde ní 2014, a sì wó o ní 2023.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìgbádùn tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́ wọn láti má ṣe fi iná ṣeré nínú igbó. Kí ó sì sọ fún wọn ẹni tí ó gbin igi tí wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó pàdánù pápá rẹ̀ kí igi náà tó rí ibi dúró.