Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dẹ́pósíìtì kí ẹlòmíì tó tún ní "ẹ bá wa RT"

1/ Ẹ̀yin ará orí TL, ẹ jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ti ń fi àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́, pé pẹ̀lú gbogbo owó wọn, àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣì ń bẹ̀rù àtigbé ara wọn lọ sí ọsibítù nítorí bíìlì. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rántí pé ṣe la fi apárí ìṣaasùn bo tiwa mọ́lẹ̀.

2/ Abúlé Ẹ̀gbá ni mò ń gbé. Màmá mi ń ta ata àti tòmátò ní ọjà Ilé Epo. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, ń ṣe iṣẹ́ casual ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe láílọ́ọ̀nù lápá Agége. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò owó wọn. Ọjọ́ tó ò bá wá, kò sówó.

3/ Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó mu àgbo, ó lọ síṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó tún lọ síṣẹ́. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ká kò sórí ẹní, òógùn bò ó. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa.

4/ Dókítà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ní appendix ni, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, ó kéré tán a ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ni nọ́ọ̀sì bá ní ká lọ san dẹ́pósíìtì. ₦300,000.

5/ Màmá mi kúnlẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀, a máa wá owó wá. Ọmọ mi ni." Ọmọbìnrin yẹn ò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó sáré fà wọ́n dìde, ó ní "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀gá ló ní a ò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni láìsí dẹ́pósíìtì. Èmi ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀." Ojú òun náà ti pọ́n.

6/ Owó tó wà lọ́wọ́ Màmá jẹ́ ₦46,000, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà lọ́jọ́ kejì ni. Tèmi nínú àkáǹtì jẹ́ ₦31,000. Àjọ Màmá ò tíì pé. Mo bá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo ya fọ́tò àbúrò mi lórí bẹ́ǹṣì, láìsí ẹ̀wù lọ́rùn ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, mo gbé e sórí TL yìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa RT."

7/ Ẹ ṣe é o. Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀ rí lẹ fi ₦500 ránṣẹ́, ẹ fi ₦1,000 ránṣẹ́. Ẹnìkan fi ₦200 ránṣẹ́, ó ní kí n má bínú, gbogbo ohun tóun ní nìyẹn. Mi ò ní gbàgbé yín láé.

8/ Àmọ́ aago méje alẹ́ ni mo gbé e síta, aago méjìlá ti kọjá kí owó tó pé. Nígbà tí wọ́n máa fi la ikùn rẹ̀, nǹkan ọ̀hún ti bẹ́ sínú. Àìsàn tí dókítà ní ọjọ́ mẹ́ta ni ká fi wà níbẹ̀ di ọjọ́ mọ́kànlá. Dẹ́pósíìtì ₦300,000 di bíìlì ₦870,000. Ó yè. Ọlọ́run ṣeun. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ iye tí wákàtí márùn-ún yẹn ná wa.

9/ Owó òwò Màmá bá a lọ. Obìnrin tó ń já ata ní kèrègbè-kèrègbè, apẹ̀rẹ̀ kan ló ń gbà láwìn báyìí, tó bá tà á tán ló ń san án. Ilé iṣẹ́ láílọ́ọ̀nù ní àbúrò mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé ti agent ni. Agent ní ẹni tí kò wá síṣẹ́ kì í gbowó. Nígbà tó máa fi padà, wọ́n ti fi ẹlòmíì sí ipò ẹ̀.

10/ Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ṣé ẹ mọ̀ pé òfin wà? Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́dún 2014, sọ ọ́ ní kedere: kò sí dókítà, kò sí ọsibítù, tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 owó ìtanràn, ó lè lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè gba méjèèjì.

11/ A ò mọ̀. Màmá mi tó kúnlẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

12/ Àmọ́ mi ò ní da gbogbo ẹ̀ lé ọsibítù lórí. Wọ́n ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń ra ìbọ̀wọ́, wọ́n ń san owó òṣìṣẹ́, àwọn aláìsàn kan sì wà tó jẹ́ pé tí ara wọn bá ti yá báyìí, fẹ́ńsì ni wọ́n ń gbà jáde. Òfin ní kí wọ́n tọ́jú èèyàn. Ta ló máa san án? Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

13/ Òfin 2014 yẹn kan náà dá àpò owó kan sílẹ̀: ó kéré tán, 1% nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n máa yọ ọ́ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Nínú ìwọ̀nba yẹn, 5% péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ fọkàn ṣírò ẹ̀. Lọ́dún 2001, ní Abuja wa níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé 15% nínú ìṣúná ọdọọdún làwọn á máa fún ìlera.

14/ Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà tá à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lóòótọ́, lọ́dún 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 èèyàn ni kò ní adójútòfò ìlera níbẹ̀. Àmọ́ láti 1986 ni wọ́n ti ní òfin pé tó o bá dé ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ọ́ wò kí wọ́n sì dá ẹ̀mí ẹ dúró, o lówó, o ò lówó. Bíìlì máa wá ọ wálé lẹ́yìn náà, ó sì lè sọ ọ́ di onígbèsè. Ìyà ni. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wá bíìlì lọ, pẹ̀lú appendix nínú ikùn.

15/ Kí ló wá yẹ kó san án? Adójútòfò ìlera. Mo mọ̀, ẹ ti fẹ́ kọjá. Ẹ dúró ná.

16/ Lọ́dún 2005 tí NHIS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wọ̀ wá lórí pé nǹkan àwọn oní-ọ́fíìsì ni. Àmọ́ ní May 2022, wọ́n ṣe òfin tuntun, ó ní dandan ni fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tó fi mọ́ ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Ní Èkó, ètò Ìlera Èkó ti bẹ̀rẹ̀ láti December 2018. Ní July 2024, gómìnà tún bu ọwọ́ lu àṣẹ pé dandan ni.

17/ Dandan. Ìwọ tó ń ka èyí, níbo ni káàdì tìẹ wà? Nínú ìwádìí NDHS ti 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49, 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. 97 o!

18/ Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí n máa fowó mi pe àìsàn?" Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá tìẹ náà máa sọ ọ́. Lójú wọn, ẹni tó ń sanwó àìsàn sílẹ̀ ti ń retí àìsàn.

19/ Àmọ́ Màmá yìí kan náà ti ń dá àjọ kí wọ́n tó bí mi. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń fi bíírò sàmì sórí káàdì wọn, ₦1,000, òjò ò dá a dúró. Wọ́n wà nínú èsúsù ẹgbẹ́. Tí ẹlẹ́gbẹ́ wọn bá ń ṣòkú, wọ́n ń dáwó. Adójútòfò ò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: àjọ tí gbogbo wa ń dá, tó jẹ́ pé ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o. Bí mo ṣe wá ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn nìyẹn, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n ní "Àbí? Èèṣe tí wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

20/ Ìbéèrè gidi! Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 lọ́dún ni fún ẹnìkan, ₦40,000 fún bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́rin. ₦8,500 lọ́dún ò pé ₦24 lóòjọ́. Kódà kí owó ọ̀hún di ìlọ́po mẹ́ta, ₦70 lóòjọ́ ni. Owó tí kò tó nǹkan ni. Kò sí aláta ní Ilé Epo tí kò lè dá a lójoojúmọ́.

21/ Ohun tí kò rọrùn fún wọn ni kí wọ́n kó owó ọdún kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pa ọjà tì, kí wọ́n máa wá ọ́fíìsì àti fọ́ọ̀mù kiri. Ẹni tó ń jẹun láti inú òwò òòjọ́, òòjọ́ ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìjọba tó mọ bí wọ́n ṣe ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn láràárọ̀ lọ́jà kò lè sọ fún mi pé òun ò mọ ọ̀nà tó dé ìsọ̀ wọn. Ẹ lo alájọ. Ẹ lo ìyálọ́jà. Ẹ lo ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà, onímárúwá, télọ̀. Àwọn wọ̀nyí làwọn èèyàn fọkàn tán.

22/ Ẹni tí kò ní ₦24 pàápàá ńkọ́? Àwọn wà, wọ́n sì pọ̀. Tiwọn gan-an ló yẹ kí àpò 1% yẹn máa san. Gánà tó wà nítòsí wa níbí ṣe òfin tiwọn lọ́dún 2003, wọ́n fi owó orí 2.5% lé ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń tà lórí, kó máa lọ sínú àpò adójútòfò. Ẹni tó lówó, tó ń rajà púpọ̀, ló ń san púpọ̀. Tiwọn náà ní àléébù, àmọ́ wọn ò retí kí aláta nìkan gbé e.

23/ Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ láti Ọ̀gbà dé Ìkẹjà dé Agége: ẹ ka orí àwọn casual mọ́ ọn. Láílọ́ọ̀nù tí àbúrò mi dì kò mọ̀ pé ọmọ agent ló di òun, ẹ̀ ń tà á lówó kan náà. Ẹni tó ń fi wákàtí méjìlá ṣiṣẹ́ fún yín lóòjọ́, òṣìṣẹ́ ni.

24/ Mo ti mọ ohun tó máa wà nínú replies. "Káàdì yẹn ò wúlò. Wọ́n á ní oògùn ò sí." Òótọ́ ni nígbà míì. Ìyá Ràṣídà tó wà lójúlé kejì sí wa ní káàdì. Gìrì mú ọmọ wọn lóru, ibà ni. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní dẹ́pósíìtì, wọ́n dá ọmọ dúró. Wọ́n tún ní kí wọ́n lọ ra oògùn kan níta. Ìyá Ràṣídà rojọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó sì dáa kí wọ́n rojọ́! Àmọ́ ọmọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

25/ Tí wọ́n bá dárúkọ Abúlé Ẹ̀gbá, iná ọjọ́ 26 December 2006 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí, nígbà tí páìpù epo gbiná tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú. Irú ìyẹn ń pe oníròyìn wá, ó ń pe gómìnà wá. Appendix ọmọkùnrin kan kì í pe ẹnikẹ́ni wá. Àmọ́ lóru tí à ń sọ yìí, ẹnìkan wà lórí bẹ́ǹṣì níbìkan.

26/ Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò pọ̀. Ẹ bi agent yín léèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àjọ ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn òbí yín. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí káńtà lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pé òfin 2014 ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú èèyàn. Kẹ́ ẹ sì máa pariwo mọ́ ìjọba lórí 1% yẹn bẹ́ ẹ ṣe ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù.

27/ Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti forúkọ sílẹ̀. Màmá tọ́jú káàdì tiwọn pọ̀ mọ́ káàdì àjọ nínú àpò ìdí wọn.

28/ Àbúrò mi ti ríṣẹ́ míì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yọ fọ́tò yẹn kúrò, pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ tuntun rí i, wọ́n sì ń fi pe òun. Mo ti yọ ọ́. Ó ní kí n má gbé òun sórí TL bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Mo ní mo gbọ́.