Tòmátì Inú Ike: Kí Omi Má Pọ̀ Jù, Kí Ó Má sì Wọ́n

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó mọ̀ pé ìlú olókè, ìlú alápàáta ni wọ́n. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í sábà tó nǹkan níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, kànga a máa gbẹ, ọ̀pọ̀ ìdílé a sì máa fi owó ra omi. Síbẹ̀, a kò lè torí èyí yọ tòmátì kúrò nínú ọbẹ̀. A kò tíì gbàgbé ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátì ní Kàdúná, tí tòmátì sì di ọ̀wọ́n gógó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Ike tó ń bomi rin ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. Ike ọ̀dà méjì tó gba lítà 20 ni a ó ki bọ ara wọn. Omi yóò wà nínú ti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ àti tòmátì yóò wà nínú ti òkè. A ó lu ihò sí ìdí ti òkè, a ó sì ki àkísà òwú gba ibẹ̀ kọjá títí yóò fi kan omi. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo gòkè lọ bá iná, bẹ́ẹ̀ ni àkísà yìí yóò máa fa omi lọ bá gbòǹgbò. Ẹ fi òkúta díẹ̀ sí àárín ike méjèèjì, kí ẹ sì lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ti ìsàlẹ̀ tí omi àpọ̀jù yóò máa gbà jáde. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàrin omi àti ilẹ̀, nítorí gbòǹgbò náà ń mí. Ilẹ̀ amọ̀ nìkan kò dára. Ẹ po ilẹ̀dú àti èèpo ìrẹsì mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i tí ìdí èso tòmátì wọn dúdú tí ó sì rà, wọ́n sì rò pé kòkòrò ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó ń ségesège ló fà á. Omi ló ń gbé kálísíọ̀mù dé inú èso. Bí ilẹ̀ bá gbẹ lónìí tí ó sì rin gbingbin lọ́la, èso kò ní rí i gbà déédéé. Bí omi bá sì ya wọlé lójijì lẹ́yìn ọ̀dá, èso a máa là.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ọ̀gbìn náà láti òkè, títí gbòǹgbò yóò fi lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ yín ni kí ẹ fi máa yẹ ilẹ̀ wò. Bí ewé bá rọ lọ́sàn-án, ẹ má tíì bẹ̀rù, oòrùn lè ṣe é. Bí ó bá ṣì rọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, omi ti tán, tàbí kí ó ti pọ̀ jù. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀. Nígbà òjò, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ sì rí i pé ihò ẹ̀gbẹ́ kò dí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì di gbogbo ojú tí ẹ̀fọn lè gbà dé ibi omi.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tòmátì tó ti ń so lè mu lítà kan tàbí méjì lójúmọ́ nínú oòrùn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan yóò tó ìdí kan fún bí ọjọ́ 12 ó kéré tán. Nítorí náà, ẹni tó ń ra omi kò gbọdọ̀ fi ìdí mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Méjì tàbí mẹ́ta tí a tọ́jú dáadáa sàn jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.